Ṣọ́ọ̀ṣì Sant Climent ní Taüll: Ta Ló Kọ́ Ọ, Kí Ló sì Gbé Àwòrán Inú Rẹ̀ Dé Barcelona?

Ìbéèrè: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Barcelona ni mo ń gbé, ọmọ Ìjọ Àgùdà sì ni mí láti kékeré. Nínú mùsíọ́mù ńlá tó wà lórí òkè Montjuïc ni mo ti rí àwòrán Jésù kan tí wọ́n ní ó wá láti ṣọ́ọ̀ṣì Sant Climent ní abúlé Taüll. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti ọkọ mi wá abúlé náà lọ. Ibẹ̀ kéré gan-an, ṣùgbọ́n ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà ga débi tó fi yà mí lẹ́nu. Nígbà tí a wọlé, ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, iná ni wọ́n fi ń tan àwòrán sí i lára. Ta ló rówó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sáàárín òkè? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí àwòrán kúrò lára ògiri? Ṣé ó sì tọ́ bí wọ́n ṣe gbé e lọ?"

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun, arábìnrin mi, ẹ sì kú ìrìn àjò. Inú mi dùn pé ẹ lọ sí Taüll lẹ́yìn tí ẹ ti rí àwòrán náà ní Barcelona, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń dúró sí mùsíọ́mù, tí wọ́n á sì gbà pé àwọn ti rí i tán. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ kọ, ṣùgbọ́n wọ́n so kọ́ra: ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé yẹn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kò lè mọ ohun tí àwòrán náà pàdánù nígbà tí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé, kí n tó sọ ti àwòrán.

Ara òpó kan ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ́ Sant Climent fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ Látìnì sára ọ̀kan nínú àwọn òpó inú rẹ̀, ojúlówó rẹ̀ sì wà ní Barcelona báyìí pẹ̀lú àwọn àwòrán yòókù. Ohun tó wí ni pé ní ọdún 1123 láti ìgbà tí Olúwa ti gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, Ramon, bíṣọ́ọ̀bù Barbastro, wá, ó ya ilé náà sí mímọ́ fún ọlá Klémẹ́ǹtì Mímọ́ ajẹ́rìíkú, ó sì fi ohun ìrántí mímọ́ ti Kọ̀nẹ́líù Mímọ́ sínú pẹpẹ. Klémẹ́ǹtì yìí ni ẹni tó jẹ Póòpù ní Róòmù ní ìparí ọ̀rúndún kìíní. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìwé mìíràn tó sọ nípa ilé náà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé wọ́n kọ ọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù náà "wá". Taüll ga tó nǹkan bíi 1,500 mítà ju etí òkun lọ, ní àríwá Kataloníà, lórí òkè Pyrenees tó pààlà láàárín Sípéènì àti Faransé. Ní oṣù Kejìlá, òjò dídì lè dí ọ̀nà ibẹ̀ pa. Síbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù gun òkè nínú òtútù yẹn, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kọkànlá oṣù, ó tún ya ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn sí mímọ́ ní abúlé kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Santa Maria, tó wà láàárín àwọn ilé nígbà tí Sant Climent dá dúró létí abúlé. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì láàárín ọjọ́ méjì fún abúlé darandaran àti àgbẹ̀! Ìfọkànsìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nídìí rẹ̀.

Ramon pe ara rẹ̀ ní bíṣọ́ọ̀bù Barbastro, bẹ́ẹ̀ ó sì ti tó nǹkan bí ọdún méje tí bíṣọ́ọ̀bù Huesca ti fipá lé e kúrò ní ìlú Barbastro, tó fi di pé orí òkè, ní Roda, ló ti ń ṣe ìjókòó rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Urgell náà ń bá a du àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àfonífojì Boí, tí Taüll wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tó wà lára òpó yẹn dà bí ìwé ilẹ̀: ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ẹni báyìí ló ya ibí sí mímọ́, orúkọ oyè tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni ilé yìí sì wà. Kò kọ ọ́ sórí awọ tí iná lè jó tàbí tí eku lè jẹ. Ara òpó tó gbé ilé dúró ló kọ ọ́ sí.

Owó ńkọ́? Ogun ló mú un wá. Ní 1118 ni Alfonso Kìíní, ọba Aragon, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kataloníà, gba ìlú Zaragoza lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí tó ń ṣàkóso rẹ̀, àwọn ìjòyè ìdílé Erill, tí àfonífojì Boí wà ní ìkáwọ́ wọn, sì wà lára àwọn tó bá a jagun. Ìkógun àti ọlá tí wọ́n rí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé padà sórí òkè, sílẹ̀ baba wọn, wọ́n sì fi kọ́lé fún Ọlọ́run. Bíṣọ́ọ̀bù Ramon fúnra rẹ̀ bá ọba yìí lọ sógun dé Andalusíà ní gúúsù Sípéènì, ẹnu àbọ̀ ìrìn àjò yẹn ló sì kú sí ní Huesca ní 1126. Mo mọ̀ pé kì í dùn mọ́ ọmọ ìjọ nínú láti gbọ́ pé owó ogun ló wà nídìí ilé tí òun wọ̀ tí ara òun rọ̀ pẹ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, n ò sì fẹ́ fi pamọ́ fún yín.

Bí ẹ bá rin gbogbo àfonífojì náà, ẹ ó rí i pé Taüll nìkan kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́sàn-án láti inú àfonífojì kan ṣoṣo ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní ọdún 2000: Sant Climent àti Santa Maria ní Taüll, Sant Joan ní Boí, Santa Eulàlia ní Erill la Vall, Sant Feliu ní Barruera, àti mẹ́rin mìíràn ní Durro, Cardet àti Cóll. Ẹni tó bá wò wọ́n dáadáa á mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ló kọ́ wọn. Ọgbọ́n náà ti Lombardy wá, ní àríwá Ítálì, láti ọwọ́ àwọn mọlémọlé tí wọ́n ń rìn láti àfonífojì kan dé òmíràn. Àwọn wọ̀nyí kì í gbẹ́ òkúta ńláńlá. Òkúta akọ kéékèèké tí wọ́n fi òòlù lù títí tó fi dọ́gba ni wọ́n ń tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni to bíríkì. Wọ́n á yọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ síta lára ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nígbà tó bá sì ku díẹ̀ kí ó kan òrùlé, wọ́n á fi òkúta tó tẹ̀ bí ọrun so orí ìlà kan mọ́ èkejì. Bí oòrùn bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òjìji àwọn ọrun kéékèèké wọ̀nyẹn nìkan ni ọ̀ṣọ́ tó wà lára ògiri, ó sì tó.

Inú ilé náà rọrùn láti mọ̀. Gbọ̀ngàn ńlá kan wà láàárín, ọ̀nà tóóró méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà òpó olóbìrípo méjì ló sì pín wọn. Ní apá ìlà-oòrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí sí ibi tí ògiri ti yí po bí ìdajì ìkòkò, tí òkè rẹ̀ sì tẹ̀ wá síwájú bí igbá tí a là sí méjì. Pẹpẹ ni wọ́n kọ́ síwájú ibẹ̀. Igbá ẹ̀yìn pẹpẹ ni n ó máa pè é. Kò sí iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ kankan lórí àwọn òpó bí ẹ ó ti rí i ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìgbà náà. Igi ni òrùlé, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi bò ó lókè, èyí tí òjò dídì ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ dípò kí ó rin ín gbingbin. Àwọn kan máa ń sọ pé òrùlé igi jẹ́ àmì àìlówó, nítorí ilé tí wọ́n fi òkúta bò lókè ni ó ń gbayì jù lásìkò yẹn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Òrùlé òkúta ń ti ògiri síta tọ̀sán tòru, ó ń béèrè ògiri tó nípọn àti òpó tó tóbi bí igi ìrókò; òrùlé igi fúyẹ́, òun ló jẹ́ kí òpó Sant Climent lè tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó dúró lẹ́yìn pátápátá fi lè rí pẹpẹ láìsí ìdíwọ́. Àwọn tó kọ́ ọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ó ku ilé agogo tó yà yín lẹ́nu. Ó dúró ní apá gúúsù, nítòsí igbá ẹ̀yìn pẹpẹ, àjà mẹ́fà ló sì wà lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ ó rí i pé fèrèsé rẹ̀ ń gbilẹ̀ sí i: ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá, lẹ́yìn náà fèrèsé di méjì méjì, ó tilẹ̀ di mẹ́ta mẹ́ta níbì kan, òpó kékeré kan sì wà láàárín wọn. Iṣẹ́ méjì ni ìyẹn ń ṣe. Èkíní, ó ń dín ẹrù òkúta kù bí ilé ṣe ń ga, kí ìsàlẹ̀ má bàa rù ju agbára rẹ̀ lọ. Èkejì, ó ń la ọ̀nà fún ohùn agogo ní òkè níbi tí kò ti sí ohun tó máa dí i lọ́wọ́. Ní àfonífojì tí ilé àti pápá ẹran fọ́n káàkiri, agogo ni aago, òun ni ìkéde, òun ni ìpè sí Máàsì, òun ló ń sọ fún ará oko pé ẹnìkan ti kú tàbí pé iná ti mú ilé. Láti Taüll, ẹ lè rí ilé agogo Santa Eulàlia ní Erill la Vall ní òdìkejì àfonífojì. Ohun tí ojú lè rí láti ọ̀kan sí èkejì, ìjòyè tó ni ilẹ̀ náà lè ṣọ́ ọ. Gíga rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìdílé Erill pẹ̀lú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wọlé lọ bá àwòrán náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yà á ni pé wọ́n á rẹ́ ìwọ̀n ògiri tí ọwọ́ lè ká tán kó tó gbẹ, pẹ̀lú yanrìn àti ẹfun tí wọ́n fi òkúta sun, wọ́n á sì fi ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ omi ya àwòrán sórí rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Bí ẹfun náà ṣe ń gbẹ, atẹ́gùn ń sọ ọ́ di òkúta padà, ọ̀dà á sì há sínú òkúta tuntun yẹn. Òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ohun tó bá kán sílẹ̀ má bàa ba èyí tí wọ́n ti parí jẹ́. Àwọn fínfín tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi kún un lẹ́yìn tí ògiri ti gbẹ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé wọ́n tètè ń ṣí ju ìyókù lọ. Ẹ rántí àwọ̀ búlúù tó kún ẹ̀yìn Jésù? Òkúta tó wá láti ọ̀nà jíjìn réré kọ́ ni wọ́n lọ̀ fún un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni aerinite, òkúta aláwọ̀ búlúù kan tó wà ní agbègbè Pyrenees fúnra rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ nínú àwòrán àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò náà. Ayàwòrán ọ̀hún kò fi orúkọ sílẹ̀. Ọ̀gá Taüll ni àwọn onímọ̀ ń pè é, wọ́n sì rí ọwọ́ rẹ̀ nínú àwòrán kan ní Roda, ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù Ramon, èyí tó jẹ́ ká fura pé bíṣọ́ọ̀bù ló mú un gòkè wá.

Jésù jókòó lórí ohun kan tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, nínú àyíká kan tó rí bí èso álímọ́ńdì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ayé tó rí roboto. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti súre, ọwọ́ òsì mú ìwé tó ṣí sílẹ̀, tí wọ́n kọ "Èmi ni ìmọ́lẹ̀ ayé" sí ní Látìnì. Lẹ́tà Álífà àti Òmégà so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ bí àtùpà. Ẹ̀dá alààyè mẹ́rin inú Ìwé Ìfihàn yí i ká, wọ́n dúró fún Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù, àwọn áńgẹ́lì sì wà pẹ̀lú wọn; ẹ wo èyí tó di kìnnìún Máàkù mú ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ wo èyí tó di ìrù màlúù Lúùkù mú, bí darandaran ṣe ń mú ẹran tó fẹ́ sá. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ayàwòrán tó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú ni, ṣùgbọ́n àárín àwọn tó ń sin ẹran ló ti ya á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni Kérúbù àti Séráfù wà pẹ̀lú ìyẹ́ mẹ́fà mẹ́fà, ojú sì kún ara ìyẹ́ náà, ojú tí kì í padé. Nísàlẹ̀ ni Màríà Wúndíá dúró pẹ̀lú àwọn àpọ́sítélì: Tọ́másì, Bátólómíù, Jòhánù, Jákọ́bù, Fílípì. Màríà fi aṣọ bo ọwọ́, ó gbé àwo kan tí ìtànṣán pupa ń ti inú rẹ̀ jáde.

Ohun tí mùsíọ́mù kò lè fi hàn yín ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Fèrèsé kan wà ní àárín ìlà àwọn àpọ́sítélì, lápá ìsàlẹ̀ igbá ẹ̀yìn pẹpẹ, ìlà-oòrùn ni ó sì kọjú sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí àlùfáà ń ṣe Máàsì òwúrọ̀, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ní abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó mú ìwé tó wí pé òun ni ìmọ́lẹ̀ ayé dání. Àwọn tó wà nínú ilé kò mọ̀wé kà, Látìnì sì ṣòro fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò nílò ẹnikẹ́ni láti túmọ̀ èyí. Fèrèsé ni ọ̀rọ̀, àwòrán ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó tún wà pé ògiri náà tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Jésù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ jáde kúrò nínú àyíká álímọ́ńdì yẹn, níwọ̀n bí òkè igbá ẹ̀yìn pẹpẹ sì ti tẹ̀ wá síwájú, ẹni tó dúró nísàlẹ̀ á rí i bíi pé ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí òun. Ojú gígùn, imú tó tọ́, ìtẹ̀pọ̀ aṣọ tó dà bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n fún ẹni tó ń gbójú sókè láti ọ̀nà jíjìn. Lórí ògiri tó tẹ̀ bí ọrun níwájú igbá náà ni Ọ̀dọ́ Àgùntàn olójú méje wà, lápá ìsàlẹ̀ sì ni Lásárù jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀, egbò kún ara rẹ̀, ajá kan ń lá a. Ẹ ronú ibi tí wọ́n fi í sí. Jésù wà lókè réré, àwọn ìjòyè Erill sì mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Tálákà tí ajá ń lá egbò rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú ará abúlé á ti kọ́kọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ọ̀rúndún kejìlá, owó àti ogun lọ sí gúúsù, àfonífojì Boí sì di ibi tí ọ̀nà kò gbà mọ́. Ohun tó kó ilé náà yọ nìyẹn. Níbi tí owó wà, ìjọ wó ilé àtijọ́, wọ́n kọ́ tuntun bí àṣà ṣe ń yí padà; ní Taüll, wọn kò rí owó wó o. Wọ́n kàn kun ògiri kan, wọ́n gbé pátákó pẹpẹ onígi sí iwájú igbá ẹ̀yìn pẹpẹ, àwòrán sì sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ní 1907 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan láti Institut d'Estudis Catalans ní Barcelona, tí Josep Puig i Cadafalch tó jẹ́ ayàwòrán-ilé ṣáájú wọn, gun òkè wá pẹ̀lú kámẹ́rà àti ìwé ìkọ̀wé. Wọ́n ya fọ́tò àwọn ilé náà, wọ́n wọ̀n wọ́n, ìròyìn sì kàn.

Ìròyìn kì í dé etí ẹni rere nìkan. Ní 1919, àwọn oníṣòwò ra àwòrán ẹ̀yìn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria ní Mur, ibòmíràn ní Kataloníà, wọ́n sì mú àwọn ọmọ Ítálì tó mọ iṣẹ́ náà wá láti ṣí i kúrò lára ògiri. Ó kọjá sí ọwọ́ olówó kan tí ń jẹ́ Lluís Plandiura, ó sì rékọjá òkun lọ sí mùsíọ́mù Boston ní Amẹ́ríkà ní 1921, níbi tó wà títí di òní. Ọ̀rọ̀ yìí ló ta ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn mùsíọ́mù Barcelona jí. Wọn kò lè fi ọlọ́pàá ṣọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, òfin ìgbà náà kò sì lágbára láti dí títà lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé àwọn fúnra wọn á rà á kí ẹlòmíràn tó rà á. Àwọn ọmọ Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Mur kan náà, pẹ̀lú Franco Steffanoni tó ṣáájú wọn, ni wọ́n gbà, iṣẹ́ náà sì gbà wọ́n láti 1919 títí di 1923.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ nu eruku kúrò lójú àwòrán. Wọ́n á wá fi àtè tí wọ́n fi awọ àti eegun ẹran sè lẹ aṣọ mọ́ ọn lójú, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Bí àtè yẹn ṣe ń gbẹ ló ń súnkì, agbára ìsúnkì rẹ̀ ni ó sì ń já ọ̀dà kúrò lára ògiri. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ràn án lọ́wọ́ láti etí, wọ́n á máa fa aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, awọ ọ̀dà tí kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ á sì bá aṣọ wá. Wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á dì í, ìbaaka á sì gbé e sọ̀kalẹ̀ òkè. Ní Barcelona, wọ́n á da ojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á fi aṣọ tuntun lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á nà án mọ́ igi tí wọ́n gbẹ́ bí igbá ẹ̀yìn pẹpẹ gan-an, wọ́n á wá fi omi gbígbóná yọ́ àtè àti aṣọ àkọ́kọ́ kúrò lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ní 1934 ni wọ́n ṣí i fún aráyé nínú ilé ńlá tó wà lórí Montjuïc tí ẹ lọ.

Ṣé ó tọ́? Olè kọ́ ni wọ́n, wọ́n san owó, àwòrán náà sì ṣì wà ní Kataloníà títí di òní. Nígbà tí ogun abẹ́lé Sípéènì bẹ̀rẹ̀ ní 1936, wọ́n sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ohun tó wà nínú wọn, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Taüll ìbá yọ. Bí mo bá jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ yẹn ní 1919, tí Mur ń di ẹrù lọ sí òkè òkun, ìpinnu kan náà ni n bá fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní ohun tí kò mú ìpalára dání. Wọ́n ya awọ kúrò lára ẹran ni. Díẹ̀ lára ọ̀dà há sí ògiri, òun ni ẹ rí tẹ́ ẹ fi sọ pé ògiri náà "fẹ́rẹ̀ẹ́" ṣófo. Àwòrán kan tí Kéènì ti ń pa Ébẹ́lì tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà náà, tó jẹ́ pé ìgbà tó yá ni wọ́n tó rí i. Jésù tó wà ní Barcelona kò ní fèrèsé lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ilẹ̀ lè gbà mọ́ wọlé.

Àwọn kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà báyìí tí òfin ti wà, tí òrùlé kò sì jò mọ́. Mo mọ ìfẹ́ tó wà nídìí ẹ̀bẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n n kò lè tì í lẹ́yìn. Ohun tó fẹ́lẹ́ tó yẹn, tó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ̀ mọ́ aṣọ àti igi, kò lè fara da ìrìn àjò kejì àti òtútù òkè náà. Ní nǹkan bí 1960, wọ́n ya ẹ̀dà kan sínú igbá ẹ̀yìn pẹpẹ ní Taüll, ẹ̀dà yẹn ni àwọn àlejò sì ń wò títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò tí ìyókù ojúlówó fi hàn sóde. Láti 2013 ni wọ́n ti ń tan àwòrán sára ògiri bí ẹ ṣe rí i, iná á kọ́kọ́ tẹ̀lé ohun tó ṣẹ́kù, á sì fi èyí tó sọnù kún un títí gbogbo rẹ̀ á fi pé. Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí àwòrán tó pé yẹn dúró pẹ́ díẹ̀ sí i láìsí orin, kí ènìyàn lè wò ó bí ará abúlé ṣe ń wò ó. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó wà ni wọ́n tan án sí, lórí ògiri tó tẹ̀, ní ìwọ̀n tí Ọ̀gá Taüll fún un.

Bí ẹ bá tún ń lọ, ẹ gbìyànjú láti débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn ràn, kí iná tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sún mọ́ pẹpẹ. Ẹ dúró ní àárín gbọ̀ngàn, láàárín ìlà òpó méjèèjì, kí ẹ kọ́kọ́ wo fèrèsé, kí ẹ tó gbójú sókè sí ibi tí ẹsẹ̀ Jésù wà tẹ́lẹ̀.